Ihò Èéfín Ilé Fátúrótì

Inú kàlẹ́ńdà ló ti rí i,
kàlẹ́ńdà tí àwọn òyìnbó oníkòkó fi ta á lọ́rẹ lọ́dún náà:
ilé ràgàjì kan nílùú wọn lọ́hùn-ún,
fèrèsé rẹ̀ pọ̀ bí hóró àgbàdo,
àgùntàn ń jẹko níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé wọn.
Jeremáyà Fátúrótì fi abẹ gé àwòrán náà,
ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sáàárín Bíbélì,
ó ní, "Èyí ni n ó kọ́ sí Ẹ̀fọ̀n."

Kòkó ń pọ́n nígbà náà, owó ń pọ́n tẹ̀lé e.
Sìmẹ́ńtì wọ rélùwéè dé Òṣogbo,
ó wọ lọ́rì dé ìsàlẹ̀ òkè,
ibẹ̀ ni lọ́rì ti ní òun ò gùn mọ́.
Orí ènìyàn ló gbé e dé òkè.
Orí ìyá ìyá mi wà níbẹ̀,
ọmọ ọdún mọ́kànlá, òṣùká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ,
kọ́bọ̀ kan fún garawa omi mẹ́fà.
Títí ó fi kú ló ń ní ulé yẹn mọ ọrùn òun.

Aríbisálà bírìkìlà wo àwòrán, ó họrí.
"Bàbá, kí lèyí tó yọ lórí òrùlé bí ìwo?"
Fátúrótì ò mọ̀. Ta ni ì bá bi?
"Ṣáà kọ́ ọ. Ohun tí kò bá nídìí, òyìnbó kì í kọ́ ọ."
Wọ́n kọ́ ọ.
Tíṣà kan láti Ìjerò ló wá túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì:
ihò èéfín ni, wọ́n ń dáná sí i ní pálọ̀ nígbà òtútù.
Àwọn ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi já bọ́ léjìká wọn.
Ta ló ń dáná sí pálọ̀?
Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wó o.
Fúnra rẹ̀ ló ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀.
Ọdún ń gorí ọdún, ihò kò rí iná.
Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló fi ṣelé, ó ń já ìyẹ́ sílẹ̀ fún owó ìgbé.

Mi ò ní parọ́, ilé náà dára.
Kìnnìún sìmẹ́ńtì méjì lẹ́nu àtẹ̀gùn,
ọ̀kan ní ojú gíláàsì,
ìkejì fọ́jú, nítorí gíláàsì tán.
Àwọn ará Ògòtún ń fẹsẹ̀ rìn wá wò ó,
wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Ẹni tó pọnmi kọ́ ọ kò gùn ún rí.
Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kó dìgbà ọdún.
Ọdún dé, ó kọjá. Ó dé, ó kọjá.

Ikú mú Bàbá.
Ọmọ mọ́kàndínlógún, yàrá méjìlá,
ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.
Wọ́n fi ẹfun fa ìlà sáàárín pálọ̀.
Ẹ̀ka ìyá àgbà ní àwọn ló ni àtẹ̀gùn,
ẹ̀ka kejì ní kò burú, ẹ máa gùn ún lọ sójú sánmọ̀,
àwa la ni òkè.
Lọ́yà jẹ oko kòkó tán, ó ní ẹjọ́ ṣì kù.

Ọdún wẹ́tíẹ̀ ni iná dé.
Àkọ́bí ló lọ ṣẹgbẹ́ tí ìlú ò ṣe.
Iná ò tilẹ̀ wo ihò tí wọ́n kọ́ dè é,
ẹnu ọ̀nà ló gbà, nínú agolo bẹntiróòlù.
Ó jó láti àṣálẹ́ dé ìyálẹ̀ta.
Ìyá ìyá mi dìde, ó wá òṣùká,
ó tún ń pọnmi gun òkè yẹn,
lọ́tẹ̀ yìí láìgba kọ́bọ̀.

Mo gùn ún lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún, afẹ́fẹ́ ni ìkẹtàdínlógún.
Ìbẹ́pẹ kan hù níbi tí ibùsùn wà,
ewúrẹ́ ń sùn lẹ́yìn kìnnìún afọ́jú.
Mo bá ẹni tó ti lọ wo ohun tó wà lókè:
òrùlé páànù, kùrukùru,
ọ̀nà Ìwàràjà tó wé mọ́ òkè bí ọ̀já ìkókó.
Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá.

Ihò èéfín nìkan ló ṣì dúró ṣánṣán.
Mo ti orí bọ inú rẹ̀, mo gbójú sókè.
Ó mọ́ tónítóní, kò sí èédú bín-ín-tín.
Ìyẹ́ kan já bọ́ sí mi lójú.